Ẹ̀yìnkùlé Tí Ẹyẹ Ń Bà Sí Kì Í Ṣe Igbó

Ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀ tó wà láàrin ògiri ilé àti ògiri fẹ́ńsì. Ní Yábàá ní ìlú Èkó, ilẹ̀ yìí kì í sábà ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè gbà dúró lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni èrò òdì kan ti fìdí múlẹ̀. Èrò náà ni pé ilé tó bójú mu ni ilé tí wọ́n da kọ̀ǹkéré tàbí tí wọ́n to ìńtálọ́ọ̀kì sí láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹnu géètì, tí koríko kankan kò yọjú níbẹ̀. Lójú àwọn tó gba èyí gbọ́, igi ń fa ejò, ewéko ń bí ẹ̀fọn, ẹyẹ tó bà lórí páànù wá jíṣẹ́ ibi ni, alángbá sì jẹ́ ẹ̀gbin tí à ń fi ìgbálẹ̀ lé. Wọ́n ní igbó ni ti ẹranko, ìlú ni ti ènìyàn.

Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó lòdì sí ìdí tí wọ́n fi la Yábàá sí òpópónà, ó lòdì sí ìlera àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ó sì lòdì sí ohun tí Yorùbá ti mọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tí ń bá ènìyàn gbé kí sìmẹ́ńtì tó dé. Ẹ̀yìnkùlé tí ẹyẹ ń bà sí, tí labalábá ń fò kiri inú rẹ̀, tí ọmọńlé ń ṣọdẹ lára ògiri rẹ̀, kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe àmì pé onílé ya ọ̀lẹ. Ibùgbé tó pé ni.

Ìtàn ló yẹ kó ṣáájú. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí púpọ̀ lọ. Ilé ti há mọ́ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, pàǹtí kún àárín wọn, eku sì rí ibi sá pamọ́ sí. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti tún ìlú ṣe. Yábàá wà lára àwọn ibi tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn: wọ́n la òpópónà tó gún régé, wọ́n pín ilẹ̀ sí ojúlé ojúlé, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàrin ilé kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Àyè ni oògùn tí wọ́n fi wo ìlú náà sàn. Ilẹ̀ tí a kò kọ́lé lé lórí ní Yábàá kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣẹ́kù nù. Ó wà nínú ètò ìlera láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oògùn yẹn ni wọ́n ń dà nù lónìí. Wọ́n ń wó àwọn ilé ilẹ̀ àtijọ́ tó ní igi máńgòrò àti àgbọn lẹ́yìn, wọ́n ń fi fúláàtì alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin rọ́pò wọn, wọ́n sì ń fi sìmẹ́ńtì bo ibi tó bá ṣẹ́kù kí ọkọ̀ àwọn ayálégbé lè rí ibi dúró. Wọ́n ń pe èyí ní ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n eku kò kúrò nínú gọ́tà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Ẹyẹ ló kúrò.

Síbẹ̀, kò tíì tán. Ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ṣì ní igi: Igbobi College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, Yabatech ní 1947, àti Yunifásítì Èkó ní 1962, èyí tó fẹ̀yìn ti ọ̀sà ní Akọka. Ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn igi ńláńlá inú ọgbà àtijọ́ ti Rélùwéè ṣì ń ṣíji. Láti inú àwọn ọgbà wọ̀nyí àti láti etí ọ̀sà ni ẹyẹ ti ń wá wo àwọn ẹ̀yìnkùlé tó wà láàrin. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ibi tí wọn yóò bà sí ni kò tó mọ́.

Ẹni tó bá rò pé igbó nìkan ni ibùgbé ẹyẹ, kó wo ẹ̀gà. Akọ ẹ̀gà pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ pupa. Yóò fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ti àgbọn, yóò mú un dání, yóò fò, ewé náà yóò sì ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Òrùka ló kọ́kọ́ ń fi hun mọ́ ẹ̀ka. Yóò dúró sínú òrùka yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ẹnu rẹ̀ yóò máa ti ọ̀já bọ ihò, yóò máa fà á yọ ní òdìkejì bí ẹni ń hun agbọ̀n, títí ilé yóò fi di róbótó tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò so rọ̀ nídìí ilé náà, yóò máa gbọn apá, yóò máa pe abo. Abo yóò wọlé, yóò fẹnu fa ọ̀já wò bóyá ó le. Bí ilé bá gbẹ tí abo kankan kò gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo iṣẹ́ yìí ni ẹni tó jókòó sí fàráńdà lè rí láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀gà kì í sì í fẹ́ràn igbó kìjikìji. Igi tó wà nítòsí ilé ènìyàn ló máa ń yàn. Ìlú ni ilé rẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ìbátan agbe àti àlùkò, ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀rín àwọn tí ń bára wọn ṣeré lókè igi. Èso ìbẹ́pẹ àti ti ọ̀dán ló ń wá. Ẹyẹ kékeré mìíràn wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, tí ara akọ rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó ń ki ẹnu bọ òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti mu omi dídùn inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó sì ń bá a lọ láti orí igi kan dé òmíràn. Àdàbà ń ṣa irúgbìn nílẹ̀. Lékeléke ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń padà sí ìhà àríwá nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Àṣá ń yí po lójú ọ̀run.

Àwọn tí kò ní ìyẹ́ náà wà níbẹ̀. Akọ alángbá olórí pupa a gun orí fẹ́ńsì, a mi orí sókè sódò láti sọ fún akọ mìíràn pé ibẹ̀ ti ní onílé. Èèrà ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọńlé a jáde sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù, a dúró jẹ́ẹ́, a sì gbé ẹ̀fọn tàbí kòkòrò tó bá bà lójijì. Àdán a wá sórí igi fúrúùtù. Òwe ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ, ṣùgbọ́n àdán ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń gbé irúgbìn ìrókò lọ jìnnà kó tó jù ú sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1960, J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ẹyẹ inú ìlú àti inú ọgbà ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àkọlé ìwé yẹn nìkan tó láti dá àwọn tó ní ìlú kì í ṣe ti ẹyẹ lóhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jennifer Owen, onímọ̀ tó ti gbé Uganda àti Sierra Leone rí, ka gbogbo ẹ̀dá tó rí nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní ìlú Leicester láti 1972 títí di 2001. Oríṣi ẹ̀dá 2,673 ló rí, ewéko àti ẹranko pọ̀, nínú ọgbà ilé lásán tó wà láàrin àwọn ilé mìíràn. Bí ilẹ̀ kékeré ní ìlú olótùútù bá lè gba irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀yìnkùlé ní Èkó, níbi tí oòrùn àti òjò kò ti wọ́n.

Àwọn tó ń ṣe àtakò ní ẹjọ́ láti rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ejò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìbẹ̀rù ejò kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ejò kì í tẹ̀lé òdòdó. Oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ ló ń tẹ̀lé. Eku wà lára ohun tó ń fà á wá sí àárín ilé jù, pàǹtí ló sì ń fa eku. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ejò. Òkìtì búlọ́ọ̀kù tó ti pẹ́, pákó jíjẹrà, ihò ògiri àti ààtàn ni ẹnu tó là sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìnkùlé tí a ń tọ́jú, tí a ń ro koríko rẹ̀, tí a mọ ibi tí ewéko wà àti ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, kò jọ ilẹ̀ tí a pa tì. Àwọn tó ní sìmẹ́ńtì nìkan ni òdìkejì igbó ti gbàgbé pé ọkọ́ àti àdá wà láyé.

Ẹ̀fọn ni ẹ̀sùn kejì. Inú omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, kì í ṣe inú ewé tútù. Gọ́tà tó dí, táyà tí a jù sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìdérí àti ihò orí kọ̀ǹkéré tí òjò kún ni ilé ìbímọ rẹ̀. Ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin tó di ẹ̀fọn tó lè fò, nítorí náà àwo omi tí a gbé sílẹ̀ fún ẹyẹ, tí a ń dà nù tí a sì ń pààrọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, kò lè bí ẹ̀fọn kankan. Ẹni tó lé ọmọńlé àti lámilámi kúrò nílé ti lé àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì wá máa fowó ra oògùn olóró. Oògùn yìí náà léwu: ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos nítorí jàǹbá tó ń ṣe fún ènìyàn. Ohun tó lè pa ènìyàn kò lè jẹ́ ohun ìmọ́tótó tó dára ju alángbá lọ.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti àrùn, àdán ni wọ́n sì ń nàka sí. Wọ́n ń rántí Ebola. Èrò inú ọkọ̀ òfuurufú ló gbé Ebola wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ènìyàn ló sì ń kó o ran ènìyàn títí wọ́n fi ká a lọ́wọ́ kò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Àdán ẹ̀yìnkùlé kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe fọwọ́ kan ẹranko ìgbẹ́, kí a má ṣe dọdẹ rẹ̀ nínú ìlú, kí a sì ju èso tó ti jẹ lára rẹ̀ nù. Ojú ni à ń fi gbádùn àdán, kì í ṣe ọwọ́.

Ẹ̀sùn kẹrin ló gbóná jù, nítorí ìbẹ̀rù àjẹ́ ló gbé e dúró. Bí òwìwí bá ké lóru, àwọn kan á dìde pẹ̀lú àdúrà àti òkò. Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Òwe náà kò dárúkọ òwìwí. Ẹ̀kọ́ nípa fífi ọ̀ràn kan wá ìdí òmíràn ló ń kọ́ni, kò sì pàṣẹ pé kí a sọ ẹyẹ lókò. Ohun tó dájú nípa òwìwí ni pé eku ni oúnjẹ rẹ̀. Eku ló fa ikú wọ Èkó ní 1924; eku ló ń kó ibà Lassa ran ènìyàn títí dòní. Ìlú tó ń pa òwìwí ń pa ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ lóru, tí kì í gba owó oṣù.

Ẹ̀sùn karùn-ún ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn jókòó máa wo ẹyẹ. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ló já èyí. Ẹyẹlé ni ẹyẹ ilé, àwọn àgbà sì sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Ọmọńlé ni ọmọ inú ilé. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò kà á sí àlejò, áńbèlètasé ọ̀tá. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá mọ ìṣe ẹranko àti ẹyẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kì wọ́n bí ẹni ń ki ọba. Àwọn ọmọdé tí ń na ọwọ́ sókè tí lékeléke bá ń kọjá, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún èékánná funfun, kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ohun tó jẹ́ àjèjì ni ilé tí ọmọ yóò dàgbà nínú rẹ̀ láìmọ ìyàtọ̀ àdàbà sí ẹyẹlé.

Àwọn tó fi ariwo ẹ̀gà ṣàwáwí gbọ́dọ̀ fi í wé ohun tí wọ́n ti gbà mọ́ra. Jẹnẹrétọ̀ ń dún mọ́jú, ó sì ń tú èéfín. Ẹ̀gà ń dákẹ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìwádìí tí King's College London gbé jáde ní 2022, èyí tí ènìyàn 1,292 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ara máa ń tu àwọn tó bá rí ẹyẹ tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀, àti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà pàápàá, ìtura náà sì máa ń wà fún wákàtí púpọ̀. Yábàá ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti wà láti ọdún 1907. Kò yẹ kí àdúgbò tó mọ iyì ọkàn tó balẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa fi owó ara rẹ̀ lé ìtura ọ̀fẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀sùn tí kò dúró, sìmẹ́ńtì ní gbèsè tirẹ̀. Ilẹ̀ tó ní ewéko ń mu omi òjò. Kọ̀ǹkéré ń tì í sí ojú títì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bo ọ̀pọ̀ òpópónà Èkó mọ́lẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí. Bí ilẹ̀ Èkó ṣe rẹlẹ̀ àti gọ́tà tó dí ní ipa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìnkùlé tí a dí lẹ́nu ń fi kún omi tó ń wá ọ̀nà. Kọ̀ǹkéré tún ń mu oòrùn lọ́sàn-án, ó ń tú ooru rẹ̀ jáde lálẹ́ sí yàrá àwọn tí kò ní iná láti fi tan fáànù. Igi kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń dín ìyà yìí kù. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbígbin igi. Igi tí a gbìn ní etí títì kò sì lè rọ́pò èyí tí a gé lẹ́yìnkùlé.

Àwọn kan gbà pé ẹranko dára, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí i lọ sí ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ọgbà náà níyì, ó sì ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè di ìmọ̀ fún un bí èyí tó ń rí láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Àwọn mìíràn a fi odídẹrẹ́ sínú àgò kí wọ́n lè ní ẹyẹ nílé. Èyí burú jù. Kíkó odídẹrẹ́ nínú igbó fún títà ti dín iye rẹ̀ kù débi pé, ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàrin orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn. Ẹ̀yìnkùlé tó ní igi kò nílò àgò. Ẹyẹ a wá fúnra rẹ̀, a sì lọ nígbà tó bá wù ú.

Ìyà tó ń bọ̀ bí èrò yìí kò bá yí padà ti hàn lára igún. Ẹyẹ ìlú ni igún jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orí òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ ibi ìpẹran ló máa ń wà, tó ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ka igún kékeré tí ń gbé àárín ìlú yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun pátápátá. Májèlé àti pípa fún oògùn ló fà á jù. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún; wọ́n pa á. Ẹyẹ tó wọ́pọ̀ lónìí kò ní ìwé ẹ̀rí pé òun yóò wà lọ́la.

Ohun tí a ó ṣe kò le. Onílé tó fẹ́ to ìńtálọ́ọ̀kì lè fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Kó gbin ìbẹ́pẹ síbẹ̀ fún ẹnu ènìyàn àti ẹnu ẹyẹ, kó fi pèrègún ṣe ọgbà, nítorí òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán lálẹ́, ó sì ń pe kòkòrò alẹ́. Ewúro àti efinrin wà nínú ìsasùn gbogbo ilé. Bí a bá jẹ́ kí ẹ̀ka mélòó kan rú òdòdó dípò kí a já gbogbo rẹ̀, oyin àti labalábá á débẹ̀. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè gbin efinrin sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti tán, kó gbé e sí bákónì. Àwo omi tí kò jìn, òkúta kan láàrin rẹ̀ kí ẹyẹ lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí, pípààrọ̀ omi náà déédéé, àti dídẹ́kun fífọ́n oògùn olóró: ìwọ̀nyí tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gà bá sì ti kọ́lé sórí igi, kí wọ́n má gé e títí ọmọ inú ilé náà yóò fi fò.

Ẹyẹ kò mọ fẹ́ńsì. Láti ọ̀sà Akọka dé ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ó ń fò láti igi dé igi, níbi tí igi bá wà. Ojúlé kan tó fi àyè sílẹ̀ jẹ́ ibi ìsinmi kan fún un. Ojúlé mẹ́wàá lójú pópó kan jẹ́ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta lára àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Yábàá láti ìbẹ̀rẹ̀ tó láti la ọ̀nà yẹn padà.